Orúkọ Àbúrò Ló Fi Wọ Bàlúù

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń ka ojú ewé yìí, ẹ mọ̀ pé n kì í fi ọwọ́ pa ẹni tó bá ṣàṣìṣe lórí. Bí ọ̀rọ̀ bá burú, màá ní ó burú. Ṣùgbọ́n nígbà tí Sàfúrátù jókòó níwájú mi, tó rojọ́ tán, ìbáwí ṣòro fún mi láti bẹ̀rẹ̀. Ẹ bá mi gbọ́ ọ ná, kí ẹ wá dá ẹjọ́ náà fúnra yín.

Ọmọ onígbànja ni, ní Sàgámù. Ìyá rẹ̀ ní ìsọ̀ obì nítòsí Sábó, níbi tí àwọn Hausa ti ń wá ra gbànja lọ sí Òkè Ọya. Bàbá wọn kú nígbà tí Kàúsárà, àbúrò rẹ̀, ṣì wà lọ́mọdé. Sàfú ló fi èrè obì rán an nílé ẹ̀kọ́, òun náà ló tún sanwó iṣẹ́ ìránṣọ tó lọ kọ́ ní Ìbàdàn.

Àwọn méjèèjì jọra gan-an, àfi àpá iná kan tó wà lápá Sàfú láti kékeré. Oníbàárà tó bá wá lẹ́ẹ̀kan lóṣù máa ń pe ọ̀kan ní orúkọ èkejì, wọn a sì jọ fi rẹ́rìn-ín.

Ohun kan wà tí Kàúsárà kò mọ̀, tí ìyá wọn kò sì mọ̀. Nígbà tí Sàfú lóyún, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò nílé ìwòsàn, wọ́n sì bá kòkòrò HIV nínú rẹ̀. Oyún náà kò dúró. Ọkọ náà kò dúró.

Láti ìgbà yẹn ló ti ń lo oògùn, ara rẹ̀ sì le koko. Ìkẹ́nnẹ́ ló ti ń gbà á, kí ará Sàgámù kankan má baà rí i lórí bẹ́ǹṣì. Nọ́ọ̀sì ibẹ̀ ti sọ fún un pé kòkòrò náà kò tilẹ̀ hàn nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ mọ́, àti pé bí kò bá ti dá oògùn dúró, kò lè kó o ran ẹnikẹ́ni. Ó ń gbé ayé rẹ̀ lọ bẹ́ẹ̀, kò sì sẹ́ni tó fura.

Ọ̀fẹ́ ni oògùn yẹn tẹ́lẹ̀. Ní ọdún tó kọjá ni nǹkan yí bìrí. Wọ́n ní àwọn tó ń fi owó ránṣẹ́ láti òkè òkun ń fa ọwọ́ sẹ́yìn. Oògùn tí wọ́n máa ń fún un dání fún ọ̀pọ̀ oṣù di ti oṣù kan péré. Àyẹ̀wò tí kì í sanwó fún, wọ́n ní kó lọ ṣe é níta.

"Bí wọ́n bá wá dá a dúró pátápátá ńkọ́?" ó bi nọ́ọ̀sì.

"Ẹ má jẹ́ kí ọkàn yín pòrúúrùú, màmá. Ẹ máa gbàdúrà."

"Ilé ni mo ti gbàdúrà wá," Sàfú fèsì. "Oògùn ni mo wá gbà níbí."

Ìbẹ̀rù yẹn ló gbé e dé ọ̀dọ̀ Adéwọlé.

Ájẹ́ǹtì ni Adéwọlé, òun ni ó máa ń kó àwọn obìnrin lọ sí ìlú Lárúbáwá kan láti lọ máa tọ́jú yàrá ní òtẹ́ẹ̀lì. Ó ní ọ́fíìsì kan lókè ṣọ́ọ̀bù táyà, létí oríta ńlá tí ọkọ̀ Ìbàdàn àti ti Bínì ti ń pínyà. Ó ṣàlàyé owó oṣù, ó ṣàlàyé ilé tí wọn yóò gbé. Sàfú ń ṣírò rẹ̀ sínú. Bí òun bá ṣiṣẹ́ yẹn fún ọdún díẹ̀, bí oògùn di títà lọ́la, òun á lè rà á.

"Ó ku ẹ̀jẹ̀," ni Adéwọlé wí. "Wọn kì í gba ẹni tó ní ikọ́ ẹ̀gbẹ. Wọn kì í sì gba ẹni tó ní HIV. Wọ́n ní àwọn ò ní fi owó ìlú àwọn tọ́jú àìsàn àlejò."

"Bí ẹni náà bá ń ra oògùn rẹ̀ fúnra rẹ̀ ńkọ́? Bí kò ná wọn ní nǹkan kan?"

Adéwọlé gbójú sókè wò ó. Ọ̀gbẹ́ni náà kì í ṣe òmùgọ̀. Ó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ yẹn, ó sì mọ ìdí tí obìnrin fi ń béèrè irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀.

Ó pa bíírò tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ dé. "Ṣé ẹ ò ní àbúrò ni?"

Ẹ̀yin ènìyàn mi, bí èṣù bá fẹ́ tan ènìyàn, kì í fi ìwo wá. Ìbéèrè jẹ́jẹ́ bẹ́ẹ̀ ló máa ń bi í.

Sàfú gbé ọ̀rọ̀ náà sílé, ó gbé e sọ́jà. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé kò sí ohun tó burú níbẹ̀, pé òun kò jalè, òun kò pa ẹnikẹ́ni, iṣẹ́ lòun fẹ́ lọ ṣe. Lọ́jọ́ kan, ó wọ ọkọ̀, ó di Ìbàdàn, ó bá Kàúsárà nídìí maṣíìnì.

"Ọjọ́ orí ni wọ́n fi dí mi lọ́nà," ó ní. "Wọ́n ní ẹni tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún làwọn ń fẹ́. Mo fẹ́ lo orúkọ rẹ."

"Orúkọ mi báwo, Àǹtí mi?"

"Kí o lọ gba pásípọ́ọ̀tù ìrìn àjò, kí o sì lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Kó tó di pé wọ́n wò mí fín, màá ti dé ọ̀hún. Ṣé àwa méjèèjì ò jọra ni?"

Kàúsárà ń fi ìka gbá òwú orí aṣọ kúrò. "Ṣé kò ní di wàhálà?"

"Wàhálà wo? Orúkọ lásán ni."

"Bí ẹ bá ti ní kò sí wàhálà, kò sí náà nìyẹn. Ta ló rán mi níwèé? Ẹ̀yin náà ni."

Ó lọ. Ó na apá fún abẹ́rẹ́, Sàfú sì jókòó síta, ó ń ka ìlẹ̀kẹ̀ tẹsùbáà. Ẹ̀jẹ̀ Kàúsárà mọ́ tónítóní. Sàfú sọ fún ìyá rẹ̀ àti àwọn alábàágbé pé Kánò lòun ń lọ, pé òun fẹ́ lọ wo bí ọjà gbànja ṣe ń lọ lọ́hùn-ún. Kò sẹ́ni tó bi í léèrè, torí àwọn onígbànja máa ń lọ sí Kánò.

Àwọn obìnrin mẹ́ta ni Adéwọlé kó jọ. Ọ̀kan nínú wọn ni Adéyọ̀sọ́lá, ọmọ Ògíjó, tó jókòó ti Sàfú nínú bàlúù. Ó ń pè é ní Kàúsárà. Nígbà àkọ́kọ́, Sàfú gbàgbé láti dáhùn, tí ìyẹn fi rò pé etí rẹ̀ dí.

Ohun tí Adéwọlé mọ̀ tí kò sọ, nítorí owó tirẹ̀ ti wọlé, ni pé wọ́n máa ń tún ẹ̀jẹ̀ yẹ̀ wò bí ènìyàn bá dé ọ̀hún.

Wọ́n kó wọn lọ sí ilé ìwòsàn kan láàárọ̀. Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ gbogbo wọn. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ọkùnrin kan dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá tí wọ́n kó wọn sí, ó ké orúkọ kan ṣoṣo.

"Kàúsárà Ṣóbọ̀wálé."

Wọ́n mú un wọ yàrá kan, wọ́n ti ilẹ̀kùn. Obìnrin kan tó gbọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì ló ń túmọ̀ fún un. Ó ní wọ́n bá HIV nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọn kò sì ní gbà á.

"Ara mi le," Sàfú wí. "Mo ń lo oògùn. Mo mú u dání, òun nìyí. Mi ò ní béèrè oògùn lọ́wọ́ yín. Ẹ jẹ́ kí n ṣiṣẹ́."

Obìnrin náà túmọ̀ rẹ̀. Ọkùnrin náà sọ gbólóhùn kan.

"Ó ní òfin ni."

Wọ́n tẹ ìka rẹ̀ sórí ẹ̀rọ. Wọ́n ní wọ́n ti kọ orúkọ Kàúsárà Ṣóbọ̀wálé sílẹ̀, kò gbọdọ̀ tún wọ ilẹ̀ àwọn láéláé. Nígbà tí wọ́n mú un padà wá kó ẹrù rẹ̀, ọlọ́pàá kan wọ ìbọ̀wọ́ kó tó fọwọ́ kan báàgì rẹ̀. Adéyọ̀sọ́lá wà nílẹ̀kùn, ó ti gbọ́ ìdí rẹ̀, ó fọwọ́ bo ẹnu. Ìtìjú mú Sàfú débi pé kò dágbére.

N óò sọ tèmi níbí o. Obìnrin tó le koko, tó ń lo oògùn rẹ̀, tí kò lè kó nǹkan kan ran ẹni tó máa sùn lórí ibùsùn tó tẹ́, òfin wo ló ní kí wọ́n wọ ìbọ̀wọ́ lé e jáde? Òfin burúkú ni, mo sì bínú sí i. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n parí ìtàn, nítorí òfin yẹn nìkan kọ́ ló jẹ̀bi.

Nínú bàlúù tó ń gbé e bọ̀, ara rẹ̀ nìkan ni Sàfú ń rò. Kò rántí pé orúkọ tí wọ́n kọ sílẹ̀ yẹn, kì í ṣe tòun.

Ó dé ilé, ó ní ọjà Kánò kò dára. Ó sọ fún Kàúsárà lórí fóònù pé iṣẹ́ ọ̀hún le jù, ọ̀gá ibẹ̀ sì burú. Kàúsárà kí i kú ewu. Ọ̀rọ̀ bùṣe.

Ọdún yí. Kàúsárà gba òmìnira lẹ́nu iṣẹ́ ìránṣọ, ó padà sí Sàgámù, ó pàdé Síkírù Sàláwù tó ń ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ irin kan ní Ògíjó. Ọmọlúàbí ni Síkírù. Àwọn ẹbí rẹ̀ wá tọrọ ìyàwó, wọ́n gbé obì àti ẹrù ìdána wá, wọ́n dá ọjọ́ yìgì. Mọ́ṣáláṣí ní kí àwọn méjèèjì lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, bí wọ́n ti ń ṣe fún gbogbo ènìyàn. Ti Síkírù mọ́, ti Kàúsárà mọ́.

Sàfú gba ìwé náà lọ́wọ́ àbúrò rẹ̀, ó wò ó, inú rẹ̀ dùn, inú rẹ̀ sì bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ọjọ́ Àìkú kan ni wọ́n dé. Ìyá Síkírù, Síkírù fúnra rẹ̀, àti Alájì Sàláwù, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀. Wọ́n bá ìyá àti ọmọ méjèèjì níbi tí wọ́n ti ń yí obì. Ẹ mọ̀ pé a kì í kó gbànja sínú agbọ̀n ká gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. Ń ṣe là ń tú u, tí à ń ṣa èyí tí kòkòrò ti wọ̀ kúrò, ká tó fi ewé bò ó padà. Gbogbo ilẹ̀ ló kún fún obì.

Ìyá Síkírù kò jókòó. "Ìyá Sàfú, ẹ má bínú. Ọ̀rọ̀ tó gbé wa wá kò dùn ún sọ. Ṣé ọmọ yín ti lọ sí ìlú Lárúbáwá rí?"

"Ọmọ mi wo?"

"Kàúsárà."

"Ìbàdàn nìkan ni Kàúsárà mọ̀."

"Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọmọ àdúgbò wa kan, Adéyọ̀sọ́lá, wálé láti ọ̀hún fún ìsinmi. Mo fi fọ́tò ìyàwó hàn án. Kí n tó dárúkọ, ó ní, 'Ẹ̀n-ẹ́n, ṣebí Kàúsárà nìyí, ọmọ onígbànja Sàgámù?' Ó ní àwọn jọ wọ bàlúù ni. Ó ní wọ́n dá a padà, torí wọ́n bá HIV nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀."

Ìyá Sàfú jẹ́ kí obì ọwọ́ rẹ̀ bọ́.

Kàúsárà dìde, ó wọlé, ó mú ìwé àyẹ̀wò rẹ̀ jáde. "Màmá, ẹ wò ó. Oṣù yìí ni mo ṣe é."

Ìyá Síkírù kò gbà á. "Ìwé ti àkọ́kọ́ náà mọ́, ọmọ mi. Ìwé tó mọ́ lo fi kúrò ní Nàìjíríà. Àwọn ọ̀hún ló rí òótọ́. Kí ni wọ́n ń pè ní ìwé lọ́dọ̀ wa níbí?"

Kàúsárà lanu láti sọ pé òun kọ́ ló lọ. Ó yíjú sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Sàfú ní òun rí i bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ń yé e díẹ̀díẹ̀: ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí tó sọ nídìí maṣíìnì, ìrìn Ìkẹ́nnẹ́ tí kì í yẹ̀, ìgò tó ń pè ní fítámìn tí kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣí. Ojú ọmọ náà rẹ̀ wẹ̀sì. Ó ká ìwé ọwọ́ rẹ̀ pọ̀.

"Kàúsárà, sọ̀rọ̀," ni Síkírù wí. "Ṣé o lọ, àbí o ò lọ?"

"Mi ò ní nǹkan kan láti sọ."

"Sọ pé o ò lọ. Ohun tí mo fẹ́ gbọ́ ò ju ìyẹn lọ."

"Síkírù, mi ò ní nǹkan kan láti sọ."

Alájì Sàláwù mí kanlẹ̀. "A ò ní gba ẹrù padà lónìí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ọjọ́ yìgì yẹn sinmi ná."

Wọ́n lọ. Síkírù ló kẹ́yìn, ó sì ń bojú wẹ̀yìn.

Ibí yìí ni inú ti bí mi jù. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà wà lọ́jà lọ́jọ́ yẹn, ó di etí agbọ̀n mú, ó ń wo orí ọmọ tó wọ́. Gbólóhùn kan péré ni ì bá sọ. Sàfú ní ahọ́n òun wúwo, ó ní bí ìyá òun ṣe ń wo ilẹ̀ ló dẹ́rù ba òun. Mo gbọ́, ṣùgbọ́n mi ò gbà.

Ọ̀rọ̀ kò ní ẹsẹ̀, síbẹ̀ ó ń rìn. Àwọn obìnrin tó kó aṣọ fún Kàúsárà rán wá gbà á padà láìtíì gé e. Ọ̀kan ní òun kò rìnrìn àjò mọ́, ọ̀kan ní ọkọ òun ni kò fẹ́. Èyí tó sọ òótọ́ ní òun kò fẹ́ kí abẹ́rẹ́ tó gún Kàúsárà lọ́wọ́ gún aṣọ òun. Ẹ wo àìmọ̀kan, ẹ wo ìkà.

Kàúsárà kò bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jà. Ó ń gbálẹ̀, ó ń dáná, ó ń jókòó nídìí maṣíìnì tí kò sí aṣọ lórí rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó gbé omi wá bá Sàfú nínú yàrá.

"Àǹtí mi, ṣé ẹ ti lo oògùn yín?"

Ẹkún gbọn Sàfú. Ó ní, "O mọ̀ nígbà tí wọ́n dé. Kí ló dé tó ò fi sọ pé èmi ni?"

"Kì í ṣe tèmi láti sọ."

"Ọkọ rẹ ń lọ, o ń wò ó."

"Mo ń wo ẹ̀yin náà, Àǹtí mi. Mo rò pé ẹ máa sọ ọ́."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló lé e jáde. Ó lọ bá ìyá rẹ̀ nínú ìsọ̀, ó kúnlẹ̀ sáàárín obì, ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ láti ọjọ́ oyún dé ọjọ́ bàlúù. Ìyá rẹ̀ ń ṣa obì, ọwọ́ rẹ̀ kò dúró títí ó fi sọ̀rọ̀ tán.

"Ta ló ń tọ́jú ẹ láti ìgbà yẹn?" ìyá rẹ̀ bi í.

"Èmi náà ni."

"Ìwọ nìkan?"

"Èmi nìkan, Màámi."

Ìyá náà gbé apá rẹ̀ lé e lọ́rùn. Lẹ́yìn náà ló tì í sẹ́yìn díẹ̀. "Dìde. Ó kù kí o lọ sọ ọ́ ní Ògíjó."

Ó lọ sí Ògíjó lọ́jọ́ náà gan-an. Ó bá Ìyá Síkírù lẹ́yìnkùlé, ó sọ tẹnu rẹ̀. Ìyá Síkírù ránṣẹ́ pe Adéyọ̀sọ́lá. Ìyẹn dé, ó rí Sàfú, ó rí àpá iná tó ti rí lápá rẹ̀ nínú bàlúù.

"Òun ni, Màmá. Òun la jọ lọ. Kàúsárà."

"Sàfúrátù ni mò ń jẹ́," Sàfú wí. "Kàúsárà kò kúrò ní Ìbàdàn. Èmi ni mo ní kòkòrò náà."

Ìyá Síkírù jókòó sórí àpótí. Kò pariwo.

"Mo gbà ọ́ gbọ́. Ṣùgbọ́n èmi àti Yọ̀sọ́lá nìkan lo sọ fún. Irọ́ àkọ́kọ́ ti dé Ìpẹru, ó ti dé Òde Rẹ́mọ. Ṣé màá máa ti ojúlé bọ́ sí ojúlé ni? Ọmọ tí mo bá gbé wọlé, wọ́n á máa nawọ́ sí i, àti òun àti ọmọ tó bá bí."

"Èmi máa fẹ́ ẹ, Màámi," ni Síkírù wí láti ẹnu ọ̀nà.

"N kò ní kí o má fẹ́ ẹ. Mo ní kí ẹni tó ba orúkọ ọmọ ọlọ́mọ jẹ́ lọ tún un ṣe. Ibi tí irọ́ dé, kí òótọ́ náà débẹ̀. Ẹ̀yìn ìyẹn la ó tó dá ọjọ́ míì."

Ohun tó gbé Sàfúrátù wá sọ́dọ̀ mi nìyẹn. Ó ní àwọn ará Rẹ́mọ ń ka ìwé ìròyìn wa, ó sì fẹ́ kí n kọ ọ́.

Mo ṣàlàyé bí a ṣe ń ṣe é fún un. Mo ní ẹni tó bá sọ ìtàn rẹ̀ fún wa, a máa ń yí orúkọ rẹ̀ padà, kí ayé má baà máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ní kó mú orúkọ tó bá wù ú.

Ó kọ̀.

"Mo ti mú orúkọ tó wù mí nígbà kan," ó ní. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ Sàfúrátù. Sàfúrátù Ṣóbọ̀wálé, ìsọ̀ onígbànja, Sàgámù."